Àmì Ohùn Lórí Jùjú: Àkọsílẹ̀ láti Ararọ̀mí-Obu

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ararọ̀mí-Obu, níbi tí wọ́n ti ń kó orin sínú mẹ́mọ́rì fóònù, ọmọkùnrin tó ni kọ̀ǹpútà ti to àwọn orin rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Lẹ́tà ńláńlá ló fi kọ orúkọ wọn: GOSPEL, FUJI, JUJU, HIGHLIFE. Lábẹ́ JUJU, Sunny Adé àti Ebenezer Obey ló pọ̀ jù. Mo bi í pé kí ni jùjú túmọ̀ sí. Ó wò mí díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà, ṣé kì í ṣe oògùn ni?"

Kò fi ṣeré. Ohun tó ti gbọ́ nínú ìwàásù àti nínú fíìmù ni. N kò bá a wí, nítorí lẹ́tà mẹ́rin tó kọ sójú kọ̀ǹpútà yẹn kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un. J, U, J, U. Ohun tó yẹ kó sọ ìyókù fún un ni wọ́n ti yọ kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà kó tó kàn án.

*

Ararọ̀mí pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ibi tí èèyàn bá tẹ̀dó sí tí ìnira rẹ̀ sì dópin, á ní ara rọ òun níbẹ̀. Obu ló ya tiwa sọ́tọ̀. Oko kòkó, oko ọ̀pẹ àti oko rọ́bà ló yí wa ká, iṣẹ́ oko wọ̀nyí ló sì kó èèyàn jọ láti ibi púpọ̀. Ọmọ Oǹdó wà níbẹ̀, ọmọ Ìkálẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá ṣe lébìrà náà wà níbẹ̀.

Bí èèyàn bá wá jáde sí Ọ̀rẹ̀, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdígbò, ó ti bọ́ sójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin nìyẹn. Níbẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ń ti Èkó lọ sí ìlà-oòrùn ti ń dúró kí èrò lè jẹun. Ilé oúnjẹ kan á máa kọ fújì, èyí tó kángun sí i á máa kọ highlife àwọn Ìgbò, ẹni tó ń ta búrẹ́dì á gbé orin ìyìn sórí rédíò tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orin ṣe ń gba orúkọ, kó lọ jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ kan.

*

Ọ̀dọ̀ Túndé King ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ ìtàn orúkọ jùjú. Ọdún 1910 ni wọ́n bí i l'Ékòó, Olówógbowó tí í ṣe àdúgbò àwọn Sàró ló sì ti ń kọrin pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òun ló ń ta gìtá-bánjò. Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé e ń lu ìlù pẹlẹbẹ olójú kan, onígun mẹ́jọ, tí irin wẹ́wẹ́ wà létí rẹ̀, ìbátan èyí tí àwọn Salvation Army ń lù níta gbangba. Ọdún 1920 ni ìjọ yẹn dé Èkó. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá náà ti mú irú ìlù pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ wálé ṣáájú, wọ́n ń pè é ní sáńbà. Nítorí náà ojú Èkó ti mọ ìlù náà. Ohun tí ojú wọn kò tíì rí ni ohun tí ọmọkùnrin yìí ń fi ṣe. Bó bá ń lù ú lọ, á jù ú sókè, á hán an, á sì máa lù ú lọ láìjẹ́ kí orin já.

Ìtàn tó ti ọ̀dọ̀ King wá ni pé jíjù yẹn ló bí orúkọ. Ìlù ni wọ́n kọ́kọ́ pè ní jùjú, láti ara ìlù ló sì ti ran orin. Ní 1935 àti 1936, King ti ń kọrin sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Parlophone.

*

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ìbéèrè kan wà níbẹ̀. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ, ọ̀nà kan tó máa ń gbà ni kó mú kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú, kó fi í olóhùn òkè tì í, kó sì gbé e síwájú. Lọ di lílọ. Jẹ di jíjẹ. Kọ̀ di kíkọ̀. Jù di jíjù. Òkè ló ṣáájú nínú jíjù, ìsàlẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Jùjú yí ìyẹn po: ìsàlẹ̀ ló ṣáájú, òkè ló tẹ̀ lé e, fáwẹ̀lì rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í sì í ṣe í. Ẹni tó bá ń fi gírámà nìkan wádìí lè sọ pé ìtàn King kò dúró.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ ìlù yìí lórúkọ? Kì í ṣe olùkọ́ èdè. Èèyàn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo ni, tó ń wo ìlù bó ṣe ń fò lọ sókè. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa pariwo? Á ní, "Ó jù ú! Ó tún jù ú!" Ẹ pè é síta kí ẹ gbọ́. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá wà ní ìsàlẹ̀, "ú" tó dúró fún ohun tí a jù máa ń lọ sókè. Jù ú. Ìsàlẹ̀, òkè. Ohùn jùjú gan-an nìyẹn, kò yẹ̀. Èrò tèmi ni pé ariwo àwọn òǹwòran ló wà nínú orúkọ náà, àti ohùn irin wẹ́wẹ́ tó ń mì bí ìlù náà bá ń bọ̀ nílẹ̀. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́ẹ̀kan sí i nínú oko, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi mí ohun tó ń ṣe mí, ó sì ń bá ara mu sí i ni.

*

Ọ̀rọ̀ oògùn ńkọ́?

Àwọn Òyìnbó tó kọ ìwé nípa etíkun wa ní àtijọ́ ń lo juju fún gbogbo ohun tí ojú wọn kò tó: ère, ońdè, ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn. Àwọn atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ń rò pé ọ̀rọ̀ Faransé fún ohun ìṣeré ọmọdé, joujou, ló wà nídìí rẹ̀. Yorùbá kò sì ṣe aláìní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún nǹkan wọ̀nyí kí Òyìnbó tó dé. A ní oògùn, a ní ońdè, a ní ìfúnpá, a ní àfọ̀ṣẹ, a ní èèdì, a ní tírà lọ́wọ́ àwọn àlùfáà. Ìyá àgbà tó ń bú ẹni tó ṣe é ní ibi kì í ní wọ́n ṣe jùjú sí òun. Á ní wọ́n ṣe òun ni, ọ̀rọ̀ náà á sì yé gbogbo ilé.

*

Ohùn lè ràn wá lọ́wọ́ níbí pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ń wọ inú Yorùbá, ibi tí Òyìnbó bá ti tẹnu mọ́ ọn la sábà máa ń gbé lọ sókè. Wọ́n tẹnu mọ́ iwájú banjo, àwa ń pè é ní bánjò. Wọ́n tẹnu mọ́ ẹ̀yìn guitar, àwa ń pè é ní gìtá. Orúkọ méjèèjì so pọ̀ lára ohun èlò kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ King, ohùn wọn sì yàtọ̀ nítorí pé ẹnu Òyìnbó yàtọ̀ lórí wọn. Ẹ tún wo fíìmù, bẹ́ẹ̀dì, tẹ́nísì, sìgá.

Juju tí Òyìnbó ń pe oògùn, iwájú ni wọ́n ti ń tẹnu mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé òun ló wọlé wá di orúkọ orin, ọ̀nà bánjò ló yẹ kó gbà, à bá máa sọ pé jújù. Kò sí àgbà kankan tí mo gbọ́ tó pe orin Àyìndé Bákàrè, tó jẹ́ olórin jùjú, ní jújù. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ àyálò kan wà tó yà kúrò lójú ọ̀nà yìí. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n yàn láàárín ìwé tí àlejò kọ àti ohùn tó wà lẹ́nu àwọn tó jó sí orin náà, ohùn ni màá tẹ̀ lé.

*

Fújì gba ọ̀nà bánjò. Òkè, ìsàlẹ̀. Ó sì bá ohun tí Síkírù Àyìndé Barrister sọ mu. Ó ní pápákọ̀ òfuurufú lòun ti rí àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan, òun sì mú orúkọ náà. Àwọn kan ń sọ pé fàájì ló wà nínú rẹ̀. Fàájì ń gbádùn mọ́ etí, ó sì tọ́ sí orin náà, ṣùgbọ́n mo gba ọ̀rọ̀ Barrister gbọ́. Ẹni tó bá sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, òun la ń bi.

Ohun tó wu mi níbẹ̀ ni pé orin náà ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Wéré ni. Àwọn ọmọkùnrin Mùsùlùmí ló máa ń kọ ọ́ lóru Ramadan láti jí àwọn tó fẹ́ jẹ sààrì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní ajísààrì. Èdè Lárúbáwá ni sààrì ti wá. Barrister mú orin tí òwúrọ̀ kùtù ààwẹ̀ bí, ó gbé e lọ sí òde ìyàwó àti òde òkú, ó sì rí i pé orúkọ àtijọ́ kò lè bá a dé ibẹ̀.

*

Wákà: láti inú èdè Hausa, níbi tó ti jẹ́ orin. Gòjé náà, Hausa. Sákárà: orúkọ ìlù olóbìrípo amọ̀ tí wọ́n fi awọ bò, bí jùjú ṣe jẹ́ orúkọ ìlù. Agídìgbo: orúkọ àpótí tí wọ́n ń fi ìka ta. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó wà lọ́wọ́ olórin la fi ń pe orin rẹ̀.

*

Ní Accra, ẹni tó wà lóde ló fún orin lórúkọ. Yebuah Mensah, ẹ̀gbọ́n olórin E. T. Mensah, ló sọ ọ́ fún òǹkọ̀wé John Collins ní 1973. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá ń ṣeré ní àwọn kílọ́ọ̀bù bíi Rodger Club. Owó ìwọlé tọkọtaya tó ṣílè méje àti kọ́bọ̀ mẹ́fà, àwọn ọkùnrin sì gbọ́dọ̀ wọṣọ bí Òyìnbó ọlọ́lá. Àwọn tí kò lówó dúró níta, wọ́n ń gbọ́ orin látojú fèrèsé, wọ́n sì ń pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ní highlife, ìgbé ayé àwọn ẹni ńlá.

Àwọn tó wà nínú ilé kọ́ ló fún un lórúkọ. Nígbà tí mo kà á, òǹwòran Olówógbowó ló sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn tí kò ní ìlù, tí kò ní gìtá, tí wọn kò sì san owó ìwọlé, àwọn ni orúkọ wọn kò sí lára àwo, àwọn ló sì fún àwo ní ohun tí à ń pè é.

*

Gúdúgúdú: òkè, òkè, òkè, òkè. Ìlù náà kì í fọhùn bí ìyáàlù ṣe ń fọhùn. Ipò kan náà ló ń dún sí, òun ló ń dúró ti àwọn yòókù, orúkọ rẹ̀ sì dúró sójú kan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ fetí sí i.

*

Ní nǹkan bí ọdún 1948, Àkànbí Wright mú gángan wọ inú ẹgbẹ́ jùjú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Àyìndé Bákàrè so gìtá rẹ̀ mọ́ iná. Ariwo gìtá tó ń pọ̀ sí i ló jẹ́ kí ààyè wà fún ìlù tó lóhùn gan-an, nítorí gìtá lásán kò lè dúró ti gángan. I. K. Dáíró wá mú gángan yẹn, ó sì fi ohùn èdè wa sí iwájú orin, títí Òyìnbó fi fún un ní oyè MBE ní 1963.

Nínú gbogbo èyí, ìlù onígun mẹ́jọ tí wọ́n ń jù sókè ń kéré sí i nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí Sunny Adé àti Obey gba òde, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò tilẹ̀ gbé e wá mọ́. Orúkọ rẹ̀ ló kù. Ẹni tó bá lọ sí òde ìnáwó ní Ọ̀rẹ̀ lónìí á rí kíbọ́ọ̀dù, á rí gángan mẹ́ta, á rí ìlù Òyìnbó tó kún orí pèpéle, kò ní rí jùjú kankan níbi tí wọ́n ti ń kọ jùjú.

Ó dùn mí díẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí ẹnì kan máa jù ú sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, kí àwọn ọmọdé lè rí i.

*

Gángan ní tirẹ̀ lè pe jùjú. Onílù á tú ọṣán sílẹ̀, á lù ú, á fún un mọ́ra, á tún lù ú. Ìsàlẹ̀, òkè. Ṣùgbọ́n bákan náà ni á ṣe pe gìtá, àti bàbá, àti jù ú. Ẹni tó ń gbọ́ ọ nílò gbólóhùn tó yí i ká kó tó mọ èyí tó ń wí. Ìwé tí kò ní àmì ohùn ṣe òdìkejì èyí: ó pa lẹ́tà mọ́, ó sọ ohùn nù. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, mo mọ èyí tí màá mú, nítorí gángan ṣì máa ń rí olùgbọ́ tó mọ ohun tó sọ.

*

Ní 1982, Island Records gbé àwo Sunny Adé kan jáde fún àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Juju Music ni wọ́n pe àwo náà. Ọmọ ìdílé ọba Oǹdó ni Sunny Adé, Òṣogbo ni wọ́n ti bí i, ayọ̀ ńlá ni àwo náà jẹ́ fún gbogbo wa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lọ sí òkè òkun láìní ohùn. Òyìnbó tó bá kà á lẹ́yìn àwo, juju tó ti mọ̀ látinú ìwé àwọn baba rẹ̀ ni yóò kà.

Ní 1990, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Christopher Waterman, kọ ìwé lórí orin yìí, University of Chicago Press sì tẹ̀ ẹ́. Jùjú ni orúkọ ìwé náà, àmì ìsàlẹ̀ wà lórí u àkọ́kọ́, àmì òkè wà lórí èkejì, lójú ìwé gan-an. Inú mi dùn sí i, ó sì tún ká mi lára. Nínú àwọn páálí àwo jùjú tó wà nínú àpótí bàbá mi, tí ilé-iṣẹ́ tó wà l'Ékòó tẹ̀ fún àwa tí a gbọ́ èdè, n kò rí ẹyọ kan tó fi àmì sí i.

*

King fi Èkó sílẹ̀ ní 1939, ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò fi gbúròó rẹ̀. Ó ń kọrin ní Conakry àti Dakar. Nígbà tó padà dé ní 1954, gìtá ti wọ iná, gángan ti wọlé, àwọn ọmọ tó ń kọ orin náà kò rí i rí. Wọ́n ṣì ń pè é ní jùjú.

*

Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ tó kángun sí wa, orúkọ mìíràn wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ìwé gíga wa dojú kọ. Màdáàmù Comfort Ọmọge kọ àwo púpọ̀ ní èdè Ìkálẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ́ Asiko Ikale. Bí òkú àgbà bá wà ní Ararọ̀mí-Obu tí àwọn ará Ìkálẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀, ẹ kò ní pẹ́ gbọ́ ohùn ìyá yìí láti inú ṣípíkà, àwọn obìnrin á sì dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n.

Asiko wà l'Ékòó náà ṣáájú jùjú. Ijó àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ni, ìlù pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin ni wọ́n ń lù sí i, nígbà míì wọ́n á fi ayùn káfíńtà kún un. Àwọn onímọ̀ orin kọ ọ́ ní aṣíkò. Nítorí náà, ẹni tó bá ka asiko lórí páálí àwo tó sì sọ pé àsìkò ni, ìgbà tí à ń lò yìí, lẹ́tà ló tàn án jẹ: ìsàlẹ̀ ni àsìkò bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló parí, a kì í sì í gbé àárín rẹ̀ sókè. Ìlù pẹlẹbẹ tó wà nídìí jùjú ló wà nídìí aṣíkò Èkó. Bí orúkọ náà ṣe wá di ti orin Ìkálẹ̀, ẹnu àwọn tó lù ú fún Màdáàmù Ọmọge àti àwọn tó gbe orin lẹ́yìn rẹ̀ ló yẹ ká ti gbọ́ ọ. Àwọn kan nínú wọn ti dàgbà gan-an. Kí ẹni tó bá ń lọ gbé rédíò tó ń gba ohùn sílẹ̀ dání, kó má ṣe béèrè ìtumọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Kó jẹ́ kí wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, kó sì kọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.